Ráútà Tó Jí Tí Kò Lè Dìde

Bí iná bá dé lójijì ní Ìkàrẹ́, "Up NEPA!" ni àwọn ọmọdé á kọ́kọ́ pariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kógbá sílé láti ọdún 2005, tí iṣẹ́ pínpín iná sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni láti oṣù kọkànlá ọdún 2013. Gílóòbù á tàn lẹ́sẹ̀ kan náà. Fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Fíríìjì á hùn. Ráútà nìkan ni kò ní yára dáhùn. Iná kékeré kan á tàn lójú rẹ̀, òmíràn á máa ṣẹ́jú, ó sì lè tó ìṣẹ́jú méjì kí WhatsApp tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni orí yìí dá lé. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ráútà ń há sí, tí olówó rẹ̀ á wá gbé e dé ọ̀dọ̀ atúnfóònùṣe pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ó ti bàjẹ́."

Ráútà tí kò dìde kì í dákẹ́. Ibi tó dúró sí ló fi ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ ètò tó ń tọ̀ kó tó dìde á wò ó lójú, á sì mọ̀ bóyá owó ádápútọ̀ lòun máa ná ni àbí owó ráútà tuntun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó méjèèjì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Kọ̀ǹpútà ni ráútà, bó ti wù kó kéré tó. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ó ní mẹ́mọ́rì, Linux ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ èyí tí a ń lò nílé. Ààyè tó fi ń pa nǹkan mọ́ ló kéré: fóònù olówó pọ́ọ́kú lè ní gígábáìtì 64, nígbà tí ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú kò ní ju mẹ́gábáìtì 8 tàbí 16 lọ. Inú ààyè tóóró yìí, tí wọ́n ń pè ní fláàṣì, ni gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ wà.

Nígbà tí iná bá wọlé, ádápútọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ 220 fólìtì ara ògiri di 12, tàbí 9, tàbí 5. Ṣípù tó jẹ́ ọpọlọ á wá jí, ṣùgbọ́n kò ní mọ nǹkan kan. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣófo, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ lánàá ti bá iná lọ. Ìlànà kékeré kan tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn lára láti ilé iṣẹ́ ló mọ̀, ìyẹn sì ni pé kó lọ sí ibi báyìí nínú fláàṣì, kó gbé ohun tó bá rí níbẹ̀. Bútílódà ló máa rí. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni U-Boot, iṣẹ́ ọwọ́ Wolfgang Denk ará Jámánì àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Bútílódà á yẹ mẹ́mọ́rì wò, á wá Linux kàn nínú fláàṣì, á wò ó bóyá ó pé, á tú u sínú mẹ́mọ́rì, á sì kúrò lójú ọ̀nà fún un. Linux á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jí àwọn ẹ̀yà yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan: ojú ihò wáyà, Wi-Fi, àti módẹ́ẹ̀mù tó ń ka síìmù. Módẹ́ẹ̀mù á kí òpó nẹ́tíwọ̀kì, òpó á bi í pé ta ni, á fún un ní nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì, ráútà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ fún àwọn fóònù inú ilé.

Ó yẹ kí èyí ti yí ojú tí a fi ń wo àwọn iná kéékèèké yẹn padà. Bí kò bá sí èyí tó tàn rárá, ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́dọ̀ ádápútọ̀ àti sókẹ́ẹ̀tì. Bí iná páwà nìkan bá tàn gbọnrangandan tí kò ṣẹ́jú, tí kò yí padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí gbogbo iná tàn pọ̀ tí wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bútílódà ti jí ṣùgbọ́n kó má rí Linux gbé. Bí wọ́n bá ń tàn, tí wọ́n ń kú, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan ló ń já a lulẹ̀ ní ibì kan náà nígbà gbogbo. Bí Wi-Fi bá sì jáde lórí fóònù yín, tí pásíwọ́ọ̀dù gbà, àmọ́ tí iná íntánẹ́ẹ̀tì pupa, ráútà ti dìde ní tirẹ̀. Ìta ni kí ẹ wá ẹjọ́ náà lọ.

Títàn-kíkú yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Obìnrin kan tó ní ilé kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́ gbé ráútà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe kan ní àsìkò tí àwọn ọmọ ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ẹ mọ bí ìdààmú irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

"Injiníà, ẹ bá mi wò ó. Ó ń tàn, ó ń kú. Wọ́n ní ó ti jóná nínú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ádápútọ̀ tó bá a wá nìyí?"

"Rárá o. Ìyẹn ti kú. Ọjà ni mo ti ra èyí. Ẹnu wọn bára mu, ó sì wọlé dáadáa."

Ọmọkùnrin náà yí ráútà dojú bolẹ̀, ó ka àkọlé ìdí rẹ̀: 12V, 1.5A. Ó ka ti ádápútọ̀: 12V, 0.5A. Ó mú mítà, ó fi ojú rẹ̀ kan ẹnu wáyà ádápútọ̀ láìtíì so ó mọ́ nǹkan kan. Mítà sọ pé fólìtì 12 lé díẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ṣé ẹ ti rí i pé ó pé?" Ọmọkùnrin náà kò fèsì. Ó so ó mọ́ ráútà, ó sì fi mítà síbẹ̀. Iná páwà tàn, fólìtì rẹ̀ sì sún sísàlẹ̀ díẹ̀. Iná kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, fólìtì di 11, ó di 10. Bí iná Wi-Fi ṣe ní kóun tàn báyìí, mítà já wá sí 8, gbogbo iná ráútà kú pátá, fólìtì sì tún fò padà sí 12 bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná páwà tún tàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Fólìtì 12 ní ìlọ́po 0.5 jẹ́ wáàtì 6; 12 ní ìlọ́po 1.5 jẹ́ 18. Nígbà tí bútílódà ń ṣiṣẹ́, ráútà kò tíì jẹ iná púpọ̀, wáàtì 6 sì lè gbé e. Àmọ́ bí Wi-Fi àti módẹ́ẹ̀mù bá jí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìgbì rédíò síta, oúnjẹ iná wọn á ga lójijì. Ádápútọ̀ náà dà bí alábàárù tó dúró ṣánṣán lọ́jà kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e lórí. Ìdí nìyí tí fífi mítà wọn ádápútọ̀ láìsí ẹrù lórí rẹ̀ kò fi sọ òótọ́ púpọ̀ fún wa. Wọ́n fi ádápútọ̀ 12V, 2A sí i, ó sì dìde. Áńpíà (A) tó ju ti àkọlé lọ kò lè pa ráútà lára, torí ìwọ̀n tó bá nílò nìkan ló máa fà. Fólìtì ló gbọ́dọ̀ bára mu, àti àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ bóyá àárín ẹnu wáyà ni pọ́síìfù wà tàbí èèpo ìta. Ẹnu tó bára mu kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Ádápútọ̀ tó bá ráútà wá gan-an lè dé irú ipò yìí bó bá ti dàgbà. Kàpásítọ̀ wà nínú rẹ̀, agolo kékeré tí omi kẹ́míkà kan wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú kí iná dúró ṣinṣin. Ooru ló ń gbẹ omi náà. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 10 lé sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á dín sí ìdajì. Bí ẹ bá tú ráútà tàbí ádápútọ̀ tí ẹ rí i pé orí agolo yẹn wú, tí kò tẹ́jú mọ́, ẹ ti rí olè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ráútà ni àkọlé wọn sọ pé kí ooru ibi tí wọ́n wà má ju ìwọ̀n 40 lọ, àwa náà sì ń gbé wọn sórí tẹlifíṣọ̀n, à ń fi aṣọ léèsì bò wọ́n kí eruku ọyẹ́ má bà wọ́n. Eruku ò dáa, ṣùgbọ́n aṣọ yẹn burú jù ú lọ.

Ti MiFi, ráútà kékeré tó ní bátìrì, yàtọ̀ díẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ ló ń bá ṣájà gbé ẹrù nígbà tí módẹ́ẹ̀mù bá fa iná lójijì. Bí bátìrì náà bá ti gbó, MiFi lè máa tàn kó máa kú bó tilẹ̀ wà lórí ṣájà. Bí bátìrì bá ti wú, tí ìdérí ẹ̀yìn kò padé mọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ má sì gún un.

Nílé wa, iná tí kò lágbára ni gbogbo èèyàn ń di ẹ̀bi rù. Ní ti ráútà, ẹ̀bi náà kò tọ́ sí i tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ara ádápútọ̀ yín: ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 100–240V níbẹ̀. Iná tó lọ sílẹ̀ dé 150, tí fíríìjì ò lè gbé, tí fáànù ń fi ń yí bí ẹni tó ń sùn, ádápútọ̀ ráútà lè mu ún láìṣe nǹkan kan. Iná tó ga ló ń pa á. Ó máa ń ga fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá a padà, ó sì máa ń ga ní ọ̀nà tó burú jáì nígbà tí wáyà nútírà bá já lórí òpó. Fésì mẹ́ta ló ń bọ̀ láti ara tiransifọ́mà, fólìtì àárín fésì kan sí èkejì sì jẹ́ bíi 400. Nútírà ló ń jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan rí bíi 230 nínú rẹ̀. Bí ó bá já, ilé tó ń lo iná díẹ̀ lè rí 300 kọjá, nígbà tí ilé kejì tó ń lo iná púpọ̀ á máa sọ pé iná òun ò lágbára. Nítorí náà, bí gílóòbù yín bá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí aládùúgbò sì ń ráhùn pé tòun ń pọ́n, ẹ má dúró wò ó. Ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò lára ògiri.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" náà ní tirẹ̀. Bí epo bá ń tán lọ, ó máa ń hó, ó máa ń rọ̀, iná rẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ó sàn kí ráútà dúró dè é kí ohùn rẹ̀ tó dọ́gba.

Ní Ọ̀kà tí kò jìnnà sí Ìkàrẹ́, àrá wà nínú ìṣòro náà. Orí òkè àti àárín àpáta ni ìlú náà tẹ̀dó sí, ìgbì 4G kì í sì í gba inú àpáta kọjá. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lẹ́yìn òkè ní láti gbé áńtẹ́nà sórí òrùlé, kó fa wáyà rẹ̀ wọlé wá bá ráútà. Bí àrá bá sán nítòsí, kò pọn dandan kó kan áńtẹ́nà yẹn. Agbára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó láti rú fólìtì sókè nínú wáyà gígùn kan. Irú ráútà bẹ́ẹ̀ lè tàn dáadáa lọ́jọ́ kejì, kó gbé Linux rẹ̀, kó jẹ́ pé ihò wáyà kan ló kú, tàbí kí módẹ́ẹ̀mù má rí síìmù mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ ráútà kúrò lára sókẹ́ẹ̀tì tí òjò bá ṣú, wọ́n á sì fi wáyà áńtẹ́nà àti wáyà LAN sílẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Ti ilẹ̀ tún wà níbẹ̀: irin áàtìn tó yẹ kó gbé àrá sínú ilẹ̀ kì í rọrùn láti rì nínú ilẹ̀ olókùúta, bí a bá sì rì í tán, àpáta kì í gba iná bí ilẹ̀ amọ̀ tútù ṣe ń gbà á. Èyí ló ń mú kí àwọn oníná máa da èédú àti iyọ̀ sínú ihò áàtìn. Wọn ò ṣe oògùn. Èédú àti iyọ̀ tó rin ń gba iná kọjá ju òkúta lọ, àmọ́ òjò ọdún bíi mélòó kan á fọ iyọ̀ náà lọ, iyọ̀ á sì máa jẹ irin náà, wọ́n á sì ní láti tún un ṣe.

Jẹ́ ká pa ti iná tì. Fláàṣì ni ibi kejì tí ráútà ń há sí, níbi tí bútílódà ti wá Linux lọ tí kò bá a nílé. Ohun tó sábà ń fa èyí ni kí iná lọ nígbà tí ráútà ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n. Kó tó kọ tuntun, ó ní láti pa àtijọ́ rẹ́, nítorí ààyè mẹ́gábáìtì 8 tàbí 16 yẹn kò gba méjèèjì pọ̀. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tó ti pa àtijọ́ rẹ́ tí kò tíì kọ tuntun parí, ìdajì ni bútílódà á bá níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Àwọn ráútà tó wọ́n díẹ̀ máa ń pa ẹ̀dà méjì mọ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí irú ọjọ́ yìí. Ní ọdún 2024 nìkan, gíríìdì gbogbo Nàìjíríà wó lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ká má tíì sọ ti fíúsì àdúgbò. Ẹni tó bá tẹ ìmúdójúìwọ̀n lórí iná gbangba láìsí bátìrì lẹ́yìn rẹ̀ ti ta tẹ́tẹ́.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá ihò kékeré tí wọ́n kọ "Reset" sí jà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tí ẹ fúnra yín tò sínú rẹ̀ ló ń pa rẹ́: orúkọ Wi-Fi, pásíwọ́ọ̀dù, APN, àti àkáǹtì tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín tẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Kì í fọwọ́ kan Linux tó bàjẹ́. Kì í fún ádápútọ̀ ní agbára. Ó máa ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà díẹ̀ tó jẹ́ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà gan-an ló dàrú, èmi kì í sì í fi ọwọ́ kàn án kí n tó fi ádápútọ̀ mìíràn dán ráútà náà wò. Mo ti rí ráútà tí àrùn rẹ̀ kò ju ádápútọ̀ lọ, tí olówó rẹ̀ gún, tó wá di pé ó ní ádápútọ̀ tuntun tán kò tún lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó rántí àkáǹtì inú rẹ̀.

Bọ́tìnnì kan náà ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn èèyàn kò mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ráútà TP-Link, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tan ráútà, tí ẹ kò jọ̀wọ́ rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bútílódà kò ní wá Linux nínú fláàṣì mọ́. Á máa wá kọ̀ǹpútà kan lórí wáyà LAN tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.0.66, á sì béèrè fáìlì kan pàtó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi fáìlì náà sí kọ̀ǹpútà yín, pẹ̀lú orúkọ tí ráútà yẹn ń retí, á gbà á, á kọ ọ́ sínú ara rẹ̀, á sì dìde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ráútà lọ́wọ́ ààtàn. Ṣùgbọ́n bútílódà gbọ́dọ̀ wà láàyè. Bí òun náà bá ti bàjẹ́, ó di kí wọ́n yọ ṣípù fláàṣì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ kọ ọ́, àwọn atúnfóònùṣe tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀.

Irú ìbàjẹ́ fláàṣì yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀n ńlá rí. Láàárín ọjọ́ 25 sí 27, oṣù kẹwàá ọdún 2023, ráútà tó lé ní 600,000 lábẹ́ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà ni kò lè dìde mọ́. Iná pupa kan ló kàn tàn lójú wọn tó dúró bẹ́ẹ̀. Black Lotus Labs, ẹ̀ka ìwádìí ilé iṣẹ́ Lumen, ló tú àṣírí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024: ètò aṣèbàjẹ́ kan ni wọ́n rán wọ inú àwọn ráútà náà, tó sì ba ohun tó wà nínú fláàṣì wọn jẹ́. Bọ́tìnnì kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ráútà tuntun ni wọ́n ní láti gbé fún àwọn oníbàárà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìgbèríko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè sáré rìn kiri gbà wọ́n.

Àwọn ráútà ńlá tí báńkì àti yunifásítì ń lò kì í fi iná kéékèèké nìkan sọ̀rọ̀. Ti Cisco ní ihò kan tí wọ́n ń pè ní kọ́ńsóò. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ẹ tò ó sí ìyára 9600, ẹ ó sì máa ka gbogbo ohun tó ń ṣe bó ṣe ń dìde, ní gbólóhùn sí gbólóhùn. Bó bá dúró tó kọ "rommon 1 >", ó ń sọ pé òun ò rí IOS, ètò tó ń darí òun, nínú fláàṣì, tàbí pé ẹnì kan ti yí nọ́ńbà tó ń darí bí òun ṣe ń dìde. Nọ́ńbà náà sábà máa ń jẹ́ 0x2102. Bí ẹnì kan bá yí i sí 0x2142 nítorí pásíwọ́ọ̀dù tó gbàgbé, tí kò sì dá a padà, ráútà á máa dìde lójoojúmọ́ bí ọmọ tuntun tí kò rántí ohun tí wọ́n tò sínú rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì á sì máa lérí pé àwọn ajẹ́ ló ń pa iṣẹ́ òun rẹ́.

Pé ráútà gbọ́dọ̀ dìde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ ti jẹ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é lógún. IMP ni wọ́n ń pe ráútà àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ BBN ló ṣe é fún ARPANET, nẹ́tíwọ̀kì tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé èyí àkọ́kọ́ dé yunifásítì UCLA ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1969. Frank Heart ti BBN àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ibi tí kò ti ní sí onímọ̀ ni ẹ̀rọ yìí máa wà. Wọ́n wá ṣe é kó lè tún ara rẹ̀ gbé bí iná bá lọ tó padà dé. Nígbà tó yá, bí ohun inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ó lè béèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ IMP tó múlé gbè é. TP-Link tó ń wá 192.168.0.66 ń tọ ipa ọ̀nà kan náà.

Àmọ́ títàn-pípa kì í wo gbogbo àrùn sàn. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá ọdún 1980, ìpàdánù bíìtì díẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì IMP kan bí ìròyìn èké mẹ́ta, àwọn ìròyìn náà sì ń yí ara wọn po káàkiri ARPANET láìdúró. Bí wọ́n bá pa IMP kan tí wọ́n tún tàn án, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á tún kó ìròyìn èké náà fún un. Ó tó bíi wákàtí mẹ́rin kí nẹ́tíwọ̀kì náà tó padà bọ̀ sípò, lẹ́yìn tí wọ́n pàṣẹ fún gbogbo IMP pé kí wọ́n kọ etí ikún sí ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ IMP kan ṣoṣo wá.

Ó ku ráútà tó ti dìde tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pupa. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fún un ní àsìkò. Òpó nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò lè ti kú náà, kó jẹ́ pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ó sì ń gba àkókò ju ráútà lọ. Ẹ yọ síìmù, ẹ fi sínú fóònù, ẹ wò ó bóyá ó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Síìmù ráútà ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, tí NCC sì fi ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ṣe òpin. Orúkọ ẹni tó tà á fún wọn ni òmíràn ń jẹ́ títí dòní. Ẹ ṣí ojú ìwé ráútà, ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Bó bá sọ pé ọdún 1970 ni a wà, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ráútà kò ní bátìrì aago, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè ọjọ́, ìdáhùn ni kò tíì dé. Ìgbà mìíràn sì wà tí gbogbo nǹkan á pé ní Ìkàrẹ́, tí ẹjọ́ á wà lábẹ́ òkun. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, ráútà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní Nàìjíríà àti Gánà sì ń wò bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Àwọn tó gún Reset lọ́jọ́ yẹn nìkan ló tún ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì padà dé.

Ní ti ohun tí a lè rà, ẹ̀rọ kan wà tí mo gbà pé ó wúlò ju stebiláísà lọ fún ráútà: UPS kékeré oní-lítíọ́ọ̀mù, tó tóbi bí ìwé àdúrà, tí ń fún ráútà ní 12 fólìtì tààrà. Bí iná bá lọ, ráútà kò ní mọ̀. Kò ní máa tún ìṣẹ́jú méjì yẹn ṣe ní ìgbà mẹ́jọ lóòjọ́, ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ kò sì ní dúró lágbede méjì. Òmíràn ní ihò 5, 9 àti 12 fólìtì pọ̀ lára, ẹnu wọn sì lè jọra. Ẹ ka àkọlé ìdí ráútà kí ẹ tó so ó, kí ẹ sì fi bébà lẹ ihò tí ẹ kò ní lò pa, kí ọmọ ilé kan má bàa so ó síbi tí kò yẹ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kò sí nílé.